Báwo lẹ ṣe ń di oògùn àti báńdéèjì díẹ̀díẹ̀ sínú àpò pàjáwìrì kékeré?

Àpò Kékeré

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, nítorí ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá, mi ò fẹ́ kó tún bá mi mọ́.

Mo ní àpò kékeré kan tó máa ń wà nínú báàgì tí mo ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tò pọ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni mo kó ohun ìtọ́jú pàjáwìrì sí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti dì í, ọkàn mi sì balẹ̀ pé kò sí ohun tó lè bá wa lójijì. Àfi ọjọ́ tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a ṣì wà lójú ọ̀nà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú, òkúta ya á lórúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, òun ń ké, èmi ń ṣe bí akin. Mo ní, "Má sunkún mọ́, oògùn wà lọ́wọ́ Dádì."

Mo ṣí àpò. Òórùn sípíríìtì ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo ti rọ díẹ̀ sínú ike kékeré kan tí mo rò pé ìdérí rẹ̀ le. Kò ku ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ṣàn sára pílásítà, àtè ara wọn ti yọ́, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn di odidi kan. Gọ́ọ̀sì tí mo ti tú kúrò nínú bébà rẹ̀ nítorí àyè ti rí bí àkísà. Ó wá ku àwọn hóró oògùn. Ọ̀rá kan ni mo kó wọn sí, funfun ni gbogbo wọn, àwọn kan rí róbótó, àwọn kan gùn. Mo mọ̀ pé parasítámọ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé oògùn ara yíyún wà níbẹ̀. Ọ̀kan sì wà tí mi ò mọ ibi tí mo ti rí i títí di òní. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn títí, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

Omi tí a gbé dání láti mu ni mo fi fọ ọgbẹ́ náà, mo sì fi áńkáṣíìfù mi dì í. Orúnkún ti jiná, ìtìjú mi ni kò tíì lọ. Ọmọ náà ṣì máa ń bi mí léraléra pé, "Dádì, oògùn ọjọ́ yẹn dà?"

Ní báyìí, mo fẹ́ tún un dì. Àwa mẹ́rin ni: èmi, ìyàwó mi, ọmọ yìí, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. A kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ níbi tí a bá lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nílé ló tóbi ju àpò lọ: ìgò parasítámọ̀ oníhóró 100, túùbù ìpara tó gùn bí ọwọ́ ọmọdé, báńdéèjì tí wọ́n ká bí ẹní. Ẹnì kan ní kí n máa rọ ìpara sínú sítírọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, kí n fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Mo dán an wò. Àkọ́kọ́ jóná dúdú. Ìkejì, ìpara tú jáde, ó dà sí mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi ní kí n má jó ilé nítorí ìpara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú ewu o. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, ẹ ní mo ní ó káre. Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín jù. Omi mímọ́ tẹ́ ẹ fi fọ ọgbẹ́ yẹn gan-an ni ìtọ́jú tó yẹ ẹ́, ó sàn ju sípíríìtì tó dà nù lọ.

Ní tèmi, pé ẹ dì í kékeré kọ́ ló fa wàhálà. Ẹ bọ́ aṣọ lára oògùn, ẹ ò sì wọ òmíràn fún un. Hóró funfun tí kò lórúkọ kì í ṣe oògùn mọ́, àlọ́ ni. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn, ẹ kó o dà nù, títí kan èyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ mọ̀.

Ẹ fi ìgò oníhóró 100 yẹn sílẹ̀ nílé. Èyí tó wà nínú káàdì, tí hóró kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà fún àpò. Nítorí pé atẹ́gùn kò tíì kan hóró inú rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé káàdì náà, ẹ wo ibi tí wọ́n tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìparí sí kẹ́ ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Lára ọ̀pọ̀ káàdì, etí kan péré ni ọjọ́ yẹn máa ń wà. Apá tó ní ọjọ́ lórí ni kẹ́ ẹ mú lọ, kí èyí tí kò ní in kù sílé nínú páálí rẹ̀. Ẹ má gé e ní hóró kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí ẹni tójú rẹ̀ kò ríran dáadáa ti gbé hóró mì pẹ̀lú ike rẹ̀, igun ike náà sì mú, ó lè ya ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́rin sílẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi sísọ́ọ̀sì gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè yí roboto. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò lu ọ̀rá yín.

Ní ti iye rẹ̀: parasítámọ̀ 500 mg, mẹ́jọ ti tó yín. Mẹ́jọ yẹn ni òpin ohun tí àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ lò láàárín wákàtí 24: ọ̀kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, kó tó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kó tó tún lo òmíràn. Ẹni tó bá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ásípírììn, nítorí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Àǹtí mi kan gbé ike kékeré kan fún mi pé kí n bá òun wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i, àfi bíi pé mo ṣí ìgò fínígà. Mo ní, "Àǹtí, ásípírììn nìyí, ó sì ti kú." Ọ̀rinrin ló wọlé tọ̀ ọ́. Bí omi bá ti kan ásípírììn, ó máa ń tú ká, ásíìdì inú fínígà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó máa ń yà sí. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, ẹ má jiyàn, ẹ dà á nù. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní ásípírììn rárá, àfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ fún un.

Gọ́ọ̀sì ńkọ́? Bébà tó wà lára rẹ̀ ló ń sé kòkòrò mọ́ta. Bẹ́ ẹ bá ti ya á, gọ́ọ̀sì náà ti di aṣọ lásán. Bí èyí tẹ́ ẹ ní bá tóbi, ẹ ra èyí tó kéré. Ẹ fi lélẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́yìn àpò, láàárín páálí tínrín méjì, kí bébà rẹ̀ má baà ká, kó sì ya. Mẹ́rin ti tó.

Ológeere

Ẹ̀gbọ́n Àpò Kékeré, mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ má bínú. Èmi náà ti jó sítírọ́ọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń sun iṣu. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń wà, àpò tèmi kò tó ti yín rárá, abẹ́ ìjókòó ló ń gbé. Iná yín ló ń sún mọ́ ọn jù.

Ẹ wá sítírọ́ọ̀ oníke tó fẹ̀, tó sì mọ́lẹ̀ kedere. Ti bébà kò lè ṣe é. Ẹ gé e kó gùn tó ìka kan. Ẹ fi ẹnu púláyà di etí rẹ̀ kan mú, kí ike tó yọ síta lẹ́nu púláyà má ju bí orí ìṣáná ti nípọn tó lọ. Ẹ wá gbé láítà sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́. Iná kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ooru rẹ̀ nìkan ni ẹ nílò. Bẹ́ ẹ bá rí i tí ike náà ń dán, tó ń wọlé síra rẹ̀, ẹ gbé iná kúrò, ẹ fún púláyà mọ́ ọn, ẹ ka oókan dé aárùn-ún kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀. Tó bá dúdú, ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ wá ti ẹnu túùbù bọ ìhà tó ṣí sílẹ̀, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ibí ni ti ìkejì yín ti bàjẹ́: ẹ kún un dé ẹnu. Ẹ dúró nígbà tó bá ku ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò kan. Tí ìpara bá ti kan ẹnu rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ pẹrẹsẹ kí ìpara sá padà sísàlẹ̀, ẹ lọ́ òwú díẹ̀, kẹ́ ẹ fi nu inú ẹnu náà mọ́ tónítóní. Ike tí ọ̀rá bá wà láàárín rẹ̀ kò ní lẹ̀ láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ fi iná sí i tó. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa bí ti àkọ́kọ́.

Tó bá tutù, ẹ rì í sómi, ẹ fún un. Bẹ́ ẹ bá rí ìfóòfó kan, tún un ṣe ni. Mo tún máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé kínníún sí etí rẹ̀, lẹ́yìn ibi tó ti lẹ̀ pa, kí n lè fi ọwọ́ ya á, torí ọjọ́ tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ta ló ń wá sísọ́ọ̀sì? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni lílò rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ohun kan ṣì kù. Mo máa ń wé téèpù tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́ mọ́ ara pẹ́ńsù kúkúrú, bíi mítà kan. Rólù náà wà nílé, èyí tí mo nílò wà lára pẹ́ńsù, pẹ́ńsù náà sì ń kọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ológeere, o ṣeun. Mo fẹ́ fi kan kún un: inú sítírọ́ọ̀ kò mọ́ bí inú túùbù ti mọ́, ọjọ́ ìparí tó wà lára túùbù kò sì bá ìpara dé ibẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sí i lára pẹ̀lú orúkọ ìpara náà, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Fasilíìnì lásán ni èmi máa ń rọ. Ọgbẹ́ kékeré tí a ti fọ̀ mọ́ kò fẹ́ ju kí ojú rẹ̀ má gbẹ lọ. Tó bá jẹ́ ìpara tó ní oògùn tó ń pa kòkòrò lẹ ń fẹ́, wọ́n ń ṣe èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí kò tó gíráàmù kan. Ẹ ra ìyẹn, kẹ́ ẹ fi láítà sílẹ̀.

Ẹ má sì fi ìpara kankan kan ibi tí iná bá jó. Omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún, kì í ṣe méjì.

Kò Sí Wàhálà

Gbogbo iná àti púláyà yìí, kí ló dé? Wọ́n ń ta àpò tí wọ́n ti dì tán. Ẹ ra ọ̀kan, kẹ́ ẹ lọ sinmi.

Ológeere

Mo ti ra á rí. Pílásítà ogójì, gọ́ọ̀sì méjì, ìbọ̀wọ́ kò sí. Sísọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò lè gé bébà. Àpò rẹ̀ dára o, òun ni mo ṣì ń lò.

Àpò Kékeré

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Sítírọ́ọ̀ kẹta ti lẹ̀! Mo rì í sómi, kò fóòfó. Ìyàwó mi gan-an wá wò ó.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta ṣì ń dà mí láàmú. Sípíríìtì: ṣé kí n wá ìgò tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, àbí háídírójìn pẹrọ́sáìdì ló sàn? Oògùn olómi ti ibà ọmọ kékeré: ìgò rẹ̀ ga, mo fẹ́ rọ díẹ̀ sínú ike kékeré. Ìkẹta, ìyá mi máa ń bá wa lọ nígbà mìíràn. Dókítà fún wọn ní hóró kékeré kan tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tí àyà bá ń dùn wọ́n. Nítroglíṣẹ́rìn ló wà lára ìgò rẹ̀. Mo fẹ́ bá wọn kó méjì sínú sítírọ́ọ̀, kí ó lè wà lọ́dọ̀ mi tí wọ́n bá gbàgbé tiwọn nílé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sítírọ́ọ̀ yẹn sílẹ̀. Ti Màmá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn.

Hóró yẹn kò gbọdọ̀ kúrò nínú ìgò onígíláàsì tí wọ́n fi tà á. Oògùn inú rẹ̀ máa ń fò lọ bí òórùn, ike sì máa ń fà á mu. Hóró yóò ṣì wà níbẹ̀, funfun báláú, ẹ ó fi sábẹ́ ahọ́n ìyá yín, kò sì ní sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má ki òwú bọ inú ìgò náà o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n kọ odidi ìgò kejì fún wọn.

Ti ọmọ kékeré: má rọ ọ́. Parasítámọ̀ olómi kan wà tó ní 120 mg nínú mìlílítà 5, òmíràn sì wà tó ní 250 mg nínú mìlílítà 5. Bẹ́ ẹ bá ti rọ ọ́ kúrò nínú ìgò rẹ̀, ta ni yóò sọ fún yín lóru èyí tó jẹ́? Ẹ ó wọ̀n ọ́n bí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, ọmọ á sì gba ìlọ́po méjì. Ìgò tó kéré jù tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ rà, kó wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú síríǹjì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ọmọ lórí ìwọ̀n, kẹ́ ẹ bi apoògùn léèrè iye mìlílítà tó tọ́ sí i, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ìgò náà pẹ̀lú máákà tí omi kì í pa rẹ́.

Sípíríìtì, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá kan ẹran ara tó là sílẹ̀, ó ń jó o ni. Háídírójìn pẹrọ́sáìdì náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní wàhálà tirẹ̀: ó máa ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ ẹ bá dé e pa mọ́ ike kékeré, ike náà á wú, á sì jò. Omi mímọ́ ni. Ẹ kó ọ̀rá mímọ́ kan tí ẹ kò tíì lò sínú àpò. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ bu omi mímu sí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu igun rẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fún un kó máa ta sínú ọgbẹ́ títí erùpẹ̀ fi jáde tán. Sáṣẹ́ẹ̀tì sípíríìtì méjì lè wà fún nínu ẹ̀mú tẹ́ ẹ fi ń yọ ẹ̀gún. Ẹ máa tẹ̀ wọ́n wò: èyí tó bá rí bíi bébà gbígbẹ, ó ti gbẹ náà nìyẹn.

Àpò náà kò gbọdọ̀ máa gbé inú mọ́tò. Ooru inú mọ́tò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú oòrùn ló ń yọ́ àtè pílásítà, tó sì ń ba oògùn jẹ́.

Àpò Kékeré

Mo ti dì í tán lánàá. Parasítámọ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ ìparí wà lára rẹ̀. Oògùn ara yíyún mẹ́rin nínú káàdì tirẹ̀. Gọ́ọ̀sì mẹ́rin láàárín páálí méjì, báńdéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pílásítà mẹ́wàá tí mo tò sínú ọ̀rá tí a ń tẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ìbọ̀wọ́ méjì tí mo ká pọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀. Téèpù lára pẹ́ńsù. Ẹ̀mú, sísọ́ọ̀sì tó mú, ọ̀rá òfìfo fún omi, sáṣẹ́ẹ̀tì sípíríìtì méjì, sítírọ́ọ̀ fasilíìnì mẹ́rin. Ìgò oògùn àbúrò kò lè wọ̀ ọ́, àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì ló wà. Ti Màmá ń dúró de dókítà.

Mo pa iná yàrá, mo gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́jọ náà, mo ní kó bá mi mú pílásítà jáde nínú òkùnkùn. Ó rí i kí n tó ka ogún. Ó wá ń fọwọ́ pa àwọn yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ibi sítírọ́ọ̀, ó ní, "Dádì, èyí ńkọ́, ṣé wọ́n ń fà á mu ni?"

Ara mi bù máṣọ. Àbúrò rẹ̀ kò rí sítírọ́ọ̀ kan rí tí kò kì bọ ẹnu.

Mo ti fi téèpù pupa wé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì tì wọ́n mọ́ inú agolo kékeré tí ìdérí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an ń fi eyín ran ọwọ́ lọ́wọ́. Ológeere, tìrẹ ńkọ́, ṣé ọmọdé kò sí nílé?

Ológeere

Kò sí o. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé. Mò ń lọ wá agolo.